Sátífíkéètì nẹ́tíwọ̀ọ̀kì orí íntánẹ́ẹ̀tì: èwo ni kí n ṣe tí n ó fi kúrò nídìí jẹnẹrétọ̀?

Ìdí_Máàsì (ọjọ́ Àìkú, aago 8:40 alẹ́)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti bí oṣù méjì, mo ní kí n gbé e wá síbí.

Òṣogbo ni mo wà, lápá Òkè-Baálẹ̀. OND ni mo ní nínú iṣẹ́ iná. Ọdún karùn-ún rèé tí mo ti ń bá kọńtíráátọ̀ kan ṣiṣẹ́ nídìí máàsì nẹ́tíwọ̀ọ̀kì fóònù. Èmi ni mo ń da dísù sí jẹnẹrétọ̀, èmi ni mo ń pààrọ̀ ọ́ìlì, èmi ni mo ń yẹ bátìrì wò, láti ìgboro yìí dé Ìlobùú, dé Ìkìrun. Bí sáìtì bá kú lóru, èmi ni wọ́n ń pè. Tí mo bá débẹ̀ tí mo rí i pé iná wà, tí jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́, àmọ́ tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ò sí, iṣẹ́ tèmi parí nìyẹn. Màá jókòó sẹ́nu géètì, màá máa retí ẹni tó ń bọ̀ láti Ìbàdàn pẹ̀lú láptọ́ọ̀pù.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹni tó wá yẹn ò lè ju ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún lọ. Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó yọ okùn yẹ́lò tín-ín-rín kan, ó fi nǹkan kan tó dà bíi bírò nu ẹnu rẹ̀, ó tún tì í padà. Iná tó pupa di àwọ̀ ewé. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Èmi ti wà níbẹ̀ láti aago méjì òru, ilẹ̀ sì ti mọ́ nígbà yẹn.

Ipò kan ṣí sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ọ̀gá mi pè mí, ó ní òun mọ̀ pé mo lè ṣe é, àmọ́ sátífíkéètì ni wọ́n ń bèèrè. Ẹlòmíì ni wọ́n mú. Mo ti tọ́jú owó díẹ̀ láti ìgbà náà. Ó máa tó san owó ìdánwò kan, kò lè tó méjì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é, ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé CCNA ti Cisco ni, àbí Network+ ti CompTIA, àbí ti Huawei, àbí ti fáíbà, okùn dígí tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé dátà? Ṣé èyí téèyàn kọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì níyì lójú àwọn tó ń gbani síṣẹ́? Láptọ́ọ̀pù mi ò ju 4GB lọ. Ti iná, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.

Ọmọ_Ìkìrun (ọjọ́ Àìkú, aago 9:02 alẹ́)

Bọ̀dá, ẹ padà sí pólì kẹ́ ẹ lọ ṣe HND. Mo ti rí ẹni tó ní sátífíkéètì orí íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́ta tó ṣì ń ta káàdì fóònù lẹ́nu Ọjà Ọba. Níbi iṣẹ́ ìjọba, HND tàbí dìgírì ni wọ́n ń kà sí lọ́wọ́ yín, wọn ò ní bi yín léèrè Cisco. Federal Poly wà ní Ẹdẹ níbí, ẹ lè máa ti ilé lọ.

Dúró_Gangan (ọjọ́ Àìkú, aago 9:15 alẹ́)

CCNA ni kẹ́ ẹ ṣe. Ẹ má fi oṣù mẹ́fà ṣòfò lórí ìwé. Ìbéèrè ìdánwò wà nílẹ̀ tí wọ́n ti kó jọ pẹ̀lú ìdáhùn, ẹ há a sórí lọ́sẹ̀ méjì, ẹ jókòó, ẹ yege. Èmi mọ ẹni tó ń tà á.

Ìyá_Ìbejì (ọjọ́ Àìkú, aago 10:31 alẹ́)

Ìdí_Máàsì, ẹ kú iṣẹ́ o. Alékúwodò ni wọ́n bí mi sí, Èkó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, ní yàrá tí a ti ń ṣọ́ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì lójú kọ̀ǹpútà tọ̀sán-tòru. Ó lè jẹ́ pé èmi ni mo kọ́kọ́ rí i pé sáìtì yín kú kí wọ́n tó pè yín lóru ọjọ́ náà. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yín fi wọ̀ mí lára.

CCNA ni mo ṣe. 200-301 ni nọ́ńbà ìdánwò náà. Láti oṣù kejì ọdún 2020 ni Cisco ti kó oríṣiríṣi CCNA tó wà tẹ́lẹ̀ pọ̀ di ẹyọ kan yìí. Ìṣẹ́jú 120 ni wọ́n ń fúnni. Owó rẹ̀ jẹ́ dọ́là 300, owó orí ò tíì wọ̀ ọ́ nìyẹn. Ọdún 3 ló ń lò, lẹ́yìn náà èèyàn gbọ́dọ̀ sọ ọ́ dọ̀tun. Apá mẹ́fà ni wọ́n ti ń mú ìbéèrè, èyí tó wúwo jù ni bí dátà ṣe ń ti inú nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kan bọ́ sínú òmíràn: ìdá 25 nínú 100 ni. Ohun kan wà tí wọn ò sọ fún mi kí n tó wọlé: bẹ́ ẹ bá ti dáhùn ìbéèrè kan tẹ́ ẹ kọjá síwájú, kò sí pé ẹ̀ ń padà sẹ́yìn lọ tún un ṣe. Ẹ fi kọ́ra láti ilé.

Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi yàtọ̀ sí owó dátà. Cisco Networking Academy ti wà láti ọdún 1997, wọ́n ní kọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ téèyàn lè dá kà, wọ́n sì ń fúnni ní Packet Tracer lọ́fẹ̀ẹ́. Nínú Packet Tracer yìí, ẹ ó fa ráútà (ẹ̀rọ tó ń so nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kan mọ́ òmíràn) àti súwíìṣì (èyí tó ń so àwọn kọ̀ǹpútà pọ̀ nínú nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kan) síta lójú kọ̀ǹpútà, ẹ ó so wọ́n pọ̀, ẹ ó bà á jẹ́, ẹ ó tún un ṣe, láìní ẹyọ kan nínú wọn nílé. Láptọ́ọ̀pù 4GB ni èmi náà lò. Ó ń wọ́, àmọ́ ó gbé e. Dátà òru ni mo fi ń wa fídíò sílẹ̀, kí n lè wò ó lójú ọ̀sán láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn ìbejì mi ò tíì pé ọmọ ọdún méjì nígbà yẹn, nítorí náà aago mẹ́rin ìdájí ni mo máa ń jí kàwé kí wọ́n tó jí. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni mo fi kà á.

Ẹ wá gbọ́ èyí dáadáa. Nígbà tí mo forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò, orúkọ tí gbogbo ayé fi ń pè mí ni mo kọ, mo fi orúkọ ọkọ mi tì í. Páásípọ́ọ̀tù mi ṣì wà lórúkọ bàbá mi. Mo débẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà wo páásípọ́ọ̀tù, ó wo kọ̀ǹpútà, ó tún wo páásípọ́ọ̀tù, ó mirí. N ò wọlé. Owó náà lọ bẹ́ẹ̀. Mo wọ danfó padà sílé, omijé ò bọ́, ọ̀rọ̀ ò jáde. Ó tó oṣù méje kí n tó rí òmíràn kó jọ. Ẹ̀bi tèmi ni, n ò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ forúkọ sílẹ̀, ẹ gbé páásípọ́ọ̀tù yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, kẹ́ ẹ kọ ọ́ ní lẹ́tà sí lẹ́tà bó ṣe wà nínú rẹ̀.

Ọ̀nà kan tún wà tí wọ́n ń gbà ṣe é nínú ilé, tí wọ́n ń fi kámẹ́rà ṣọ́ni. Ẹ ó ya àwòrán yàrá àti tábìlì ránṣẹ́, kò gbọ́dọ̀ sí ìwé nílẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ wọlé, fóònù gbọ́dọ̀ jìnnà síni. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá já láàárín rẹ̀, wàhálà ti dé. Òṣogbo ni wọ́n ti ń darí iná gbogbo Nàìjíríà o, síbẹ̀ gbogbo wa ń gbé fìtílà. N ò lè gbà yín nímọ̀ràn kẹ́ ẹ ṣe é nílé. Ẹ wọkọ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe é.

Ìyá_Ìbejì (ọjọ́ Àìkú, aago 10:44 alẹ́)

Mo gbàgbé. @Dúró_Gangan, ẹ dákun, ẹ má fi ìyẹn ran ọmọ ọlọ́mọ. Ẹni tó bá ṣe ìdánwò yẹn ti fọwọ́ sí i pé òun ò ní tú ìbéèrè síta, òun ò sì ní lo èyí tí ẹlòmíì tú síta. Bí ọwọ́ bá tẹ̀ ẹ́, wọ́n lè gba sátífíkéètì náà padà, kí wọ́n sì ní kó má ṣe ìdánwò àwọn mọ́.

Ká tiẹ̀ ní ọwọ́ ò tẹ̀ ẹ́. Mo wà níbi tí a ti fi ọ̀rọ̀ wá ẹnì kan lẹ́nu wò. CCNA rẹ̀ wà lọ́wọ́, ó sì yege dáadáa. Ọ̀gá wa gbé súwíìṣì kan kalẹ̀, kọ̀ǹpútà méjì wà lára rẹ̀, ó ní: "Méjèèjì yìí ò rí ara wọn. Sọ fún wa ohun tó o máa kọ́kọ́ wò." Kò bi í ní ìbéèrè òkè téńté. Ọmọkùnrin náà wo súwíìṣì, ó wo wa. Ó lé ní ìṣẹ́jú márùn-ún tí kò fọwọ́ kan okùn kankan. Okùn kan ni ò wọlé dáadáa. Àánú rẹ̀ ṣe mí títí di òní, nítorí pé ọmọ tó gbọ́n ni, ọ̀nà àbùjá ló mú.

Dúró_Gangan (ọjọ́ Ajé, aago 6:50 àárọ̀)

Mo gbọ́, àǹtí. Mo gba àṣìṣe mi. N ò mọ̀ pé wọ́n lè gbà á padà lọ́wọ́ èèyàn.

Fáíbà_Òkè-Fíà (ọjọ́ Ajé, aago 1:20 ọ̀sán)

Bírò tẹ́ ẹ rí lọ́wọ́ ọmọ Ìbàdàn yẹn, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń nu ẹnu fáíbà ni. Òwú kan ń yí nínú rẹ̀, bẹ́ ẹ bá tì í mọ́ ẹnu okùn, á dún "ká", ó ti nù ún nìyẹn. Èyí tẹ́ ẹ ń wò bí iṣẹ́ àrà ò tó nǹkan kan, àmọ́ ẹ̀kọ́ ló wà nídìí rẹ̀. Nínú okùn yẹ́lò yẹn, ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá ò ju máíkírómítà 9 lọ. Irun orí ọmọ èèyàn nípọn jù ú lọ ní ìlọ́po mẹ́fà, méje. Eruku kan ṣoṣo tí ojú ò lè rí, bó bá bà lé ibẹ̀, ó ti dínà.

Ohun tí wọ́n mọ̀ tẹ́ ẹ ò tíì mọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń ṣírò ìmọ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ṣe é fún yín níbí, ẹ mú bébà.

Ká ní okùn kan gùn ní kìlómítà 10. Bí a bá ń lo ìmọ́lẹ̀ tí ìgbì rẹ̀ gùn ní 1310 nm, kìlómítà kan máa ń jẹ nǹkan bíi 0.35 dB (dB ni òṣùwọ̀n tí a fi ń ka bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń dín kù). 10 yẹn á jẹ 3.5 dB. Ká ní ojú ibi márùn-ún ni wọ́n ti so ó lọ́nà, kí ojú kọ̀ọ̀kan jẹ 0.1 dB, 0.5 dB nìyẹn. Ẹnu méjèèjì, ti ìhín àti ti ọ̀hún, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ 0.5, 1 dB nìyẹn. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 5 dB. Bí wọ́n bá fi 0 dBm (dBm ni a fi ń ka agbára ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀) ránṣẹ́ láti ọ̀hún, -5 dBm ló yẹ kẹ́ ẹ bá níhìn-ín. Bẹ́ ẹ bá wá fi mítà wò ó tẹ́ ẹ bá -15, 10 dB ti sọnù lọ́nà. Gbogbo 3 dB tó bá lọ, ìmọ́lẹ̀ ti dín sí ìlàjì. Bí 10 dB bá lọ, ìdá kan nínú mẹ́wàá ló kù. Ẹnu ti dọ̀tí, tàbí okùn ti ká kọjá bó ṣe yẹ, tàbí ẹnì kan ti fi ọkọ́ kàn án nígbà tó ń gbẹ́ gọ́tà. Ní ìlú yìí, ti ọkọ́ ló wọ́pọ̀ jù.

Ẹni tó bá lè ṣe ìṣirò yẹn lóru, lẹ́nu géètì, kò ní dúró de ẹnikẹ́ni láti Ìbàdàn.

Ìmọ̀ràn tèmi: ẹ má tíì náwó. Ẹgbẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Fiber Optic Association, FOA, láti 1995 ni wọ́n ti wà. Wọ́n ní ilé-ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì kan tí wọ́n ń pè ní Fiber U. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ kọ́kọ́ lọ parí ìyẹn. Sátífíkéètì wọn tó níyì ni CFOT. Àmọ́ wọn ò ní fún ẹni tó kàn kàwé nìkan, wọ́n fẹ́ ẹni tó fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní ètò fún àwọn tó ti ń ṣe iṣẹ́ náà kí wọ́n tó wá ṣe ìdánwò, ìyẹn ló máa bá yín mu lọ́jọ́ iwájú.

Ìjọba àpapọ̀ ti kéde pé àwọn fẹ́ fa fáíbà kìlómítà 90,000 sí i káàkiri orílẹ̀-èdè yìí. Kí wọ́n fa gbogbo rẹ̀ o, kí wọ́n fa ìdajì, ẹni tó máa so ó ò tó nílẹ̀. Mo máa ń wá èèyàn tí yóò bá mi lọ, n kì í rí, àfi àwọn ọmọ tó ń fẹ́ wo fóònù. Ẹ tẹ àtẹ̀ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀.

Ọmọ_Ìkìrun (ọjọ́ Ajé, aago 4:05 ìrọ̀lẹ́)

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Mo ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ HND, àmọ́ mo rí i pé ẹni tó ti wà nídìí máàsì fún ọdún márùn-ún kì í ṣe akẹgbẹ́ ẹni tó ti ilé wá. Ìbéèrè mi ni pé kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò mẹ́nu kan 3MTT, ètò tí ìjọba fi ń kọ́ni ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà? Ọ̀fẹ́ nìyẹn náà.

Ìyá_Ìbejì (ọjọ́ Ajé, aago 5:30 ìrọ̀lẹ́)

3MTT tó bẹ̀rẹ̀ ní 2023 dára, àbúrò mi wà nínú rẹ̀. Àmọ́ ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ ni ìṣètò kọ̀ǹpútà, dátà, ààbò orí íntánẹ́ẹ̀tì, ìṣọwọ́-ya-àwòrán ojú áàpù àti irú bẹ́ẹ̀. Kò sí fáíbà níbẹ̀, kò sí ráútà. Ohun tí Ìdí_Máàsì ń bèèrè ọ̀tọ̀. Ti Network+ tí wọ́n bèèrè lókè: ó dára fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ láti òdo, ìṣẹ́jú 90 ni, kò sì so mọ́ ilé-iṣẹ́ kan. Níbi tí mo wà, CCNA ni wọ́n máa ń kọ sínú ìpolówó iṣẹ́. Ti Huawei, HCIA, wúlò gan-an fún ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ níbi tí irinṣẹ́ wọn pọ̀ sí. Ẹ wo ohun tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù sáìtì yín, ẹ ka orúkọ tó wà lára rẹ̀.

Bàbá_Wáyà (ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 7:15 àárọ̀)

Ẹ kú àárọ̀ ẹ̀yin ọmọ mi. Ọmọ mi obìnrin ló fi ọ̀rọ̀ yìí hàn mí, òun ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́.

Mo wọ NITEL, ilé-iṣẹ́ telifóònù ìjọba, ní 1989. Ọdún 1985 ni wọ́n dá a sílẹ̀, nígbà tí wọ́n yọ apá telifóònù kúrò lára P&T (ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó lẹ́tà àti telifóònù) tí wọ́n dà á pọ̀ mọ́ èyí tó ń mójú tó ìpè ilẹ̀ òkèèrè. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa so wáyà bàbà. Mo máa ń wọ inú ihò lójú títì pẹ̀lú fìtílà, n ó jókòó sórí àpótí, n ó máa so wáyà ọgọ́rùn-ún méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ẹnìkejì rẹ̀. Bí mo bá ti wo àwọ̀, mo ti mọ èyí tí í ṣe. Kò sí ẹni tó lè so ó bíi tèmi ní gbogbo agbègbè yìí, mo ń sọ òtítọ́.

Nígbà kan wọ́n pè wá pé kí àwọn tó bá fẹ́ wá kọ́ nípa fáíbà. Mo ní kí n má lọ. Mo ní dígí ni, kí ni dígí fẹ́ fi wáyà bàbà ṣe? GSM dé ní oṣù kẹjọ 2001, mo ń lọ sí ọmọ ogójì ọdún. Láàárín ọdún díẹ̀, ihò tí mo ti ń ṣiṣẹ́ kún fún omi, ẹnikẹ́ni ò ṣí i mọ́. Àwọn méjì tó lọ sí ẹ̀kọ́ yẹn nínú wa, iṣẹ́ ò wọ́n wọn títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì.

Ìdí_Máàsì, ìdí tí mo fi kọ̀wé nìyí. Àwọ̀ márùn-ún àkọ́kọ́ nínú fáíbà ni búlúù, ọsàn, ewé, bráwùn, eérú. Àwọ̀ tí mo fi ń so wáyà bàbà nìyẹn, bákan náà, ní ṣísẹ̀-ń-tẹ̀lé. Àwọ̀ méje tó kù ni funfun, pupa, dúdú, yẹ́lò, elése àlùkò, róòsì, àti àwọ̀ omi òkun. Ẹ kà á lórin ní àárọ̀ àti ní alẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, kò ní kúrò lórí yín mọ́. Ẹ má ronú pé ọdún márùn-ún nídìí jẹnẹrétọ̀ ti ṣòfò. Ẹ ti mọ iná, ẹ ti mọ bátìrì, ẹ ti mọ ilẹ̀. Àwọn tó ń ti Ìbàdàn bọ̀ yẹn, ọ̀pọ̀ wọn ò mọ jẹnẹrétọ̀ tan.

Ìdí_Máàsì (ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 9:48 alẹ́)

Bàbá, ẹ ṣé gan-an ni. Mo ka ti yín lẹ́ẹ̀mẹta. Àǹtí Ìyá_Ìbejì, bọ̀dá Fáíbà, Olúwa á bùkún yín.

Mo ti bẹ̀rẹ̀ Fiber U lálẹ́ àná. Mo tún wa Packet Tracer sílẹ̀. Ibi tó ti ń dà mí lórí rú ni subnet, bí wọ́n ṣe ń pín nẹ́tíwọ̀ọ̀kì sí kéékèèké. Mo rí 192.168.10.0/26, wọ́n ní 62 ni ẹ̀rọ tó lè wọ ibẹ̀. Báwo ni 64 ṣe di 62? Ta ló kó méjì lọ?

Ìyá_Ìbejì (ọjọ́rú, aago 4:20 ìdájí)

Mo ti jí, ẹ jẹ́ ká ṣe é.

Ẹ wò ó bí agboolé. Àdírẹ́sì náà ní 32 bíìtì, bíìtì kọ̀ọ̀kan jẹ́ 0 tàbí 1. /26 túmọ̀ sí pé 26 nínú rẹ̀ ni wọ́n fi dárúkọ agboolé, 6 tó kù ni wọ́n fi ń ka yàrá. 2 × 2 × 2 × 2 × 2 × 2 jẹ́ 64. Yàrá 64 ló wà nínú agboolé náà, láti .0 dé .63.

.0 ni orúkọ agboolé fúnra rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ní "ilé Alágbẹ̀dẹ", ẹ ò tíì pe ẹnì kan ní pàtó, kò sí ẹni tó lè máa jẹ́ "ilé Alágbẹ̀dẹ" nínú yàrá. .63 ni akéde. Ohun tẹ́ ẹ bá sọ fún un, gbogbo ará ilé ló máa gbọ́ ọ, nítorí náà kò sí ẹni tó lè máa gbé ibẹ̀ dá. Ẹ yọ méjèèjì, ó ku 62 fún àwọn tó ń gbélé.

Agboolé tó tẹ̀ lé e bẹ̀rẹ̀ láti .64, akéde rẹ̀ ni .127. Èyí tó tún tẹ̀ lé e bẹ̀rẹ̀ láti .128, èkẹrin láti .192. Bí kọ̀ǹpútà kan bá wà ní .60, kí èkejì wà ní .70, ará agboolé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Wọn ò lè bára wọn sọ̀rọ̀ láìgba ẹnubodè kọjá. Ráútà ni ẹnubodè.

Ẹ wá sọ fún mi: .130 àti .190, ṣé agboolé kan náà ni?

Ìdí_Máàsì (ọjọ́rú, aago 5:02 ìdájí)

Agboolé kan náà ni. .128 dé .191. Akéde wọn ni .191.

Ìyá_Ìbejì (ọjọ́rú, aago 5:03 ìdájí)

Ó ti yé yín.

Ìdí_Máàsì (oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ti ṣèlérí fún àwọn kan ní kọ̀rọ̀ pé màá padà wá jábọ̀.

Mo parí Fiber U. Lọ́jọ́ Sátidé tí mi ò bá sí lẹ́nu iṣẹ́, bọ̀dá Fáíbà_Òkè-Fíà ni mò ń bá lọ. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n ní kí n so fáíbà, mo bọ́ ọ, mo fi ọtí nù ún, mo gé e, mo tò ó sínú ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ jó o pọ̀, ó kọ 0.42 dB. Bọ̀dá ò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn fi àlùmọ́gàjí gé e níwájú mi. Ẹ̀ẹ̀kejì, 0.31. Wọ́n tún gé e. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni mo wá rí i pé ọwọ́ mi ń gbọ̀n níbi tí mo ti ń gé e, ojú rẹ̀ ń rí gbágungbàgun. Mo mí sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹrin kọ 0.03. Mo ya àwòrán ojú ẹ̀rọ náà, ó ṣì wà lórí fóònù mi.

Èyí tí mo fẹ́ sọ gan-an rèé. Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, wọ́n pè mí sí sáìtì kan lọ́nà Ìkìrun, aago kan kọjá lóru. Iná wà. Mo pe àwọn tó ń ṣọ́ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, mo ní mo ní mítà àti ohun ìnu-ẹnu lọ́wọ́, mo gbàṣẹ kí n tó fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní kí n wò ó. Mítà kọ -21. Mo yọ ọ́, mo nù ún, ó dún "ká", mo tún wò ó: -7. Mo tì í padà. Obìnrin tó wà lórí fóònù ní, "Ó ti dé." Mo ti padà délé kó tó di aago mẹ́ta. Ọ̀gá mi pè mí láàárọ̀, wọ́n ní báwo ni mo ṣe mọ̀ ọ́n ṣe. Láti oṣù tó ń bọ̀, wọ́n ti fi mí sọ́dọ̀ àwọn tó ń tún fáíbà ṣe. Owó oṣù ò tíì yí padà, wọ́n ní tí mo bá mú sátífíkéètì wá, àwọn á jọ sọ̀rọ̀.

Mo ti sanwó CCNA. Oṣù kejìlá ni mo mú, Èkó ni màá ti ṣe é. Páásípọ́ọ̀tù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nígbà tí mo ń kọ orúkọ, àǹtí, lẹ́tà sí lẹ́tà. Ọmọ_Ìkìrun, mo ti gba fọ́ọ̀mù HND ti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ kàwé náà, ẹ̀yin náà ò purọ́.

Ìbéèrè kan ló kù. Ṣé wọ́n ń jẹ́ kéèyàn mú bébà wọlé láti fi ṣe ìṣirò subnet?

Ìyá_Ìbejì (ọjọ́ kan náà, aago 9:10 alẹ́)

Wọn ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ mú tiyín wọlé. Wọ́n máa fún yín ní pátákó pẹlẹbẹ kékeré tó ṣeé nù, pẹ̀lú bírò rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi bírò náà kọ nǹkan kan kẹ́ ẹ tó jókòó, kẹ́ ẹ rí i pé ó ń yọ. Bí kò bá yọ, ẹ ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá ti ní kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ iye tí bíìtì kọ̀ọ̀kan dúró fún, 128, 64, 32, 16, 8, 4, 2, 1, sókè pátákó náà, kẹ́ ẹ tó ka ìbéèrè àkọ́kọ́.